Àpò Tí N Kò Yí Inú Rẹ̀ Síta

Kí irun mi tó funfun, kí orúnkún mi tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí bí òjò bá fẹ́ rọ̀, ọmọdébìnrin tí kò tíì pé ọdún méjìlá ni mí ní Treichville, ẹnu mi sì mú bí abẹ. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà mi ní Gonzagueville níbí, tí ẹ ń kí mi tí mo ń ṣàdúrà fún yín, ẹ rò pé báyìí ni mo ṣe rọ̀ láti kékeré. Irọ́ ni. Mo fẹ́ sọ ohun kan tí mo ṣe fún yín, n kò sì ní bu iyọ̀ sí i kó lè dùn. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ má kí mi mọ́ tí mo bá sọ ọ́ tán.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi ti wá. Òwò ló gbé e dé Abidjan, ó sì ní ìsọ̀ ní ọjà Treichville níbi tó ti ń ta àtùpà, okùn, ọṣẹ, bàtà rọ́bà àti gbogbo ohun tí ẹni tó ń lọ sínú igbó lè nílò. Ìsọ̀ yìí ló jẹ́ kí àwọn òyìnbó kan tó ń wá wúrà mọ̀ ọ́n. Wọ́n ti gba ilẹ̀ kan lọ́wọ́ ìjọba ní ìhà àríwá, ibi tó jìnnà débi pé ọkọ̀ akẹ́rù a máa rin odindi ọjọ́ méjì kó tó débẹ̀. Wúrà ni wọ́n ń wá, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá rí bàbà tàbí òjé, wọn kò ní kọ̀ ọ́. Wọ́n á gbẹ́ yàrà gígùn sára òkè, wọ́n á máa bu yẹ̀pẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ yàrà dé òpin rẹ̀, wọ́n á kó ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú àpò aṣọ kékeré tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí lára, wọ́n á sì fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí òkè òkun kí wọ́n lọ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá wúrà wà nínú rẹ̀. Bàbá mi ló ń wá àpò fún wọn, ìyá mi ló sì ń rán an.

Nígbà kan, ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, kò lè jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ, àwọn òyìnbó sì ránṣẹ́ pé àpò ti tán, kí bàbá mi tètè fi òmíràn ránṣẹ́. Ìsọ̀ alágbẹ̀dẹ wúrà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa. Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín: alágbẹ̀dẹ wúrà kì í da ìdọ̀tí tó bá gbá nílẹ̀ nù. Ẹ̀rún wúrà wà nínú ìdọ̀tí náà, nítorí náà á kó o sínú àpò kéékèèké tó nípọn, á gbé e pamọ́ títí ọjọ́ tó máa fi omi ṣẹ́ ẹ. Bó bá ti ṣẹ́ ẹ tán, àpò á kàn wà nílẹ̀ lófo. Bàbá mi wò wọ́n, ó rí i pé wọ́n tó bákan náà pẹ̀lú èyí tí ìyá mi ń rán, aṣọ wọn sì dára jù ú lọ. Ó kó wọn kún àpò ńlá kan, ó gbé e lọ sílé. Ó ní, “Èwo ni ká tún máa ra aṣọ tuntun nígbà tí àpò wà nílẹ̀?” Kò sí oníṣòwò Ògbómọ̀ṣọ́ tí kò ní ṣe bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n bàbá mi kì í ṣe aláìmọ̀kan. Ó pè mí, ó ní, “Yí inú gbogbo wọn síta. Fi ọṣẹ fọ̀ wọ́n, kí o ṣàn wọ́n nínú omi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí o bá ṣe é bí mo ṣe wí, n óò ra yẹtí wúrà fún ọ kí vacances ilé-ìwé yín tó dé.”

Mo bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Mo yí bíi mẹ́wàá síta. Ẹnu wọn kéré, etí aṣọ tí wọ́n rán pọ̀ le, ìdọ̀tí sì ń há sí mi lábẹ́ èékánná. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń fo okùn nínú àgbàlá, wọ́n ń pariwo orúkọ mi. Ó sú mi. Mo da gbogbo èyí tó kù sínú ọpọ́n bí wọ́n ṣe wà, mo fi ẹsẹ̀ tẹ̀ wọ́n nínú omi ọṣẹ, mo sá wọn sórí okùn, mo sì lọ ṣeré. Nígbà tí bàbá mi dé, ẹ̀yìn àpò ló rí, ẹ̀yìn wọn sì funfun. Ó ní, “O káre, ọmọ mi.” Kò pẹ́ sí i, alágbẹ̀dẹ wúrà kan náà ló ṣe yẹtí mi. Mo ń mi orí kiri àdúgbò kí gbogbo ayé lè rí i.

Ọkùnrin kan wà níbi tí wọ́n ti ń wá wúrà náà, ọmọ ẹ̀yà Dyula ni, ó ga, ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Alábàárù ni tẹ́lẹ̀ ní ọjà wa, bàbá mi ló bá a wá iṣẹ́ ilẹ̀ gbígbẹ́ yẹn. Yàrà tirẹ̀ wà lórí òkè kan tí àwọn ará abúlé gbin iṣu sí. Àpò tí mo fọ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n kó gbogbo rẹ̀ lọ, òun ló sì di yẹ̀pẹ̀ sí wọn. Nígbà tí èsì dé láti òkè òkun, wúrà wà nínú èyí tó pọ̀ jù nínú àpò rẹ̀. Àwọn òyìnbó ti ṣèlérí pé ẹni tí yàrà rẹ̀ bá kọ́kọ́ yọ wúrà ni yóò di olórí gbogbo agbẹ́lẹ̀, wọ́n sì mú ìlérí wọn ṣẹ. Wọ́n fún un ní kẹ̀kẹ́ tuntun. Ó ránṣẹ́ pe ìyàwó rẹ̀ kó wá bá òun gbé. Ní ti àwọn ará abúlé, wọ́n hú iṣu wọn nígbà tí kò tíì ta dáadáa kí wọ́n lè fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún gbígbẹ́, àwọn òyìnbó ní kí wọ́n fara dà á, pé ọrọ̀ ń bọ̀.

Nígbà tí vacances dé, bàbá mi mú mi dání, kí n lè bá a jókòó ti ọjà tó kó lọ síbẹ̀. Ọkùnrin náà ló kọ́kọ́ rí yẹtí mi. “Hé, petite! C'est joli dè!” Ó ní yẹtí náà rẹwà, ó gbé mi sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó gbé mi yí gbogbo ibùdó ká, ó ń lu agogo rẹ̀, ó ń sọ fún àwọn ènìyàn pé ọmọ ọ̀gá òun rèé. Mo fẹ́ràn rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, kí n má purọ́.

Ọ̀sẹ̀ kan kò pé tí èsì tuntun dé. Wọ́n ti gbẹ́ ilẹ̀ jìn sí i lórí òkè náà, wọ́n ti kó yẹ̀pẹ̀ sínú àpò tuntun tí ìyá mi rán lẹ́yìn tí ara rẹ̀ le. Kò sí nǹkan kan. Wọ́n padà bu yẹ̀pẹ̀ inú yàrà àkọ́kọ́ fúnra rẹ̀, kò sí wúrà níbẹ̀. Ògbufọ̀ àwọn òyìnbó bá kó gbogbo ènìyàn jọ sábẹ́ igi máńgòrò láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ní ẹnì kan ti wọ́n ẹ̀rún wúrà sínú àpò láti fi tan àwọn jẹ. Ta ló di àpò? Ta ló jẹ èrè rẹ̀? Kẹ̀kẹ́ yẹn ni gbogbo ojú yí sí. Àwọn ará abúlé tí wọ́n ti hú iṣu wọn ti dé pẹ̀lú ọkọ́ lọ́wọ́.

Ọkùnrin náà kúnlẹ̀. “N ma a kɛ! Patron, je jure! N ma a kɛ!” Ó ń búra, ó ń sọ ọ́ léraléra pé òun kò ṣe é. Lẹ́yìn náà, orí rẹ̀ ṣiṣẹ́, ó kọjú sí bàbá mi, ó ní kí wọ́n bi onísọ̀ léèrè nípa àpò, bóyá àpò ni kò mọ́.

Bàbá mi yíjú sí mi. Yorùbá ló fi bi mí, nínú gbogbo èrò tó wà níbẹ̀, àwa méjèèjì nìkan la gbọ́ ọ. “Ṣé o yí inú àwọn àpò ọjọ́ yẹn síta kí o tó fọ̀ wọ́n?”

Ọwọ́ mi lọ sí etí mi. Mo mọ̀ pé bí mo bá sọ òótọ́, pàṣán ni, wọ́n á sì yọ yẹtí mi níbẹ̀. Ohun tó wà lọ́kàn mi nìyẹn, kò sí òmíràn. Mo ní, “Mo yí wọn síta, Bàbá. Gbogbo wọn pátá.”

“Omi mẹ́ta?”

“Omi mẹ́ta ni, Bàbá.”

Bàbá mi fi èdè Dyula sọ fún wọn pé àpò mọ́, pé ọmọ òun ló fọ̀ ọ́, pé ọmọ òun kì í purọ́. Kò dárúkọ alágbẹ̀dẹ wúrà. Lójú tirẹ̀, kí la tún fẹ́ máa wí nípa àpò tí a ti fọ̀?

Àwọn òyìnbó wọ inú àgọ́ wọn lọ, wọn kò fẹ́ kí ojú wọn rí i. Àwọn ará abúlé fa ọwọ́ ọkùnrin náà méjèèjì lé orí òkúta. Igi díígà ni wọ́n lò, ẹni tí iṣu rẹ̀ pọ̀ jù ló kọ́kọ́ gbà á. Mo gbọ́ bí egungun ṣe ń fọ́. Ó pe bàbá mi, ó pe ìyá rẹ̀ tí kò sí níbẹ̀, ó sì wá dákẹ́. Ẹ má ṣe ṣàánú mi pé ọmọdé ni mí, pé ẹ̀rù ló mú kí n dákẹ́. Mo ní ẹnu. Mo ti fi ẹnu náà bá ìyá ẹgbẹ́ mi jà rí lójú ọjà. Mo dúró, mo ń wò ó, mo sì di yẹtí mi mú títí wọ́n fi parí. Ògbufọ̀ gun kẹ̀kẹ́ ọkùnrin náà lọ kí ẹ̀jẹ̀ tó gbẹ lórí òkúta.

Kí ọdún yẹn tó parí, àwọn òyìnbó ti palẹ̀ mọ́, wọ́n fi yàrà wọn sílẹ̀ lórí oko olóko. Ọkùnrin náà padà sí Abidjan. Ìyàwó rẹ̀ ti kọ̀ ọ́, ìka rẹ̀ ti gan, kò lè di nǹkan kan mú. Ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláṣí kan ní Treichville ló ń jókòó sí. Bàbá mi ní bó ti wù kó jalè tó, òun lòun mú un débi iṣẹ́ yẹn, kò sì gbọdọ̀ kú lójú òun. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, wọ́n á bu ìrẹsì, wọ́n á ní kí n gbé e lọ fún un. Kò lè di ṣíbí mú. Èmi ni mo ń fi oúnjẹ sí i lẹ́nu, pẹ̀lú yẹtí létí mi.

Bó bá gbé òkèlè kan mì, á ṣàdúrà fún mi. “Ala ka sijan di i ma.” Kí Ọlọ́run fún mi ní ẹ̀mí gígùn. Á tún ní kí n rí ọkọ rere, kí n bímọ, kí n má kú sílé ẹlòmíràn. Mo ń dáhùn “Amiina” bí ọmọ dáadáa. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, ó ní òun kò bẹ Ọlọ́run fún ọwọ́ mọ́, ọwọ́ ti lọ. Ó ní ohun kan ṣoṣo tí òun ń bẹ̀ Ẹ́ fún ara òun ni pé kí òun mọ ẹni tó ṣe é kí òun tó kú. Ó ń wo ojú mi. Mo bu ìrẹsì mìíràn sí i lẹ́nu.

Collège, ilé-ìwé girama, ni mo wà nígbà tó kú, lásìkò òjò. N kò sọ fún un. N kò sọ fún bàbá mi, òun náà sì kú ní gbígbàgbọ́ pé ọmọ òun kì í purọ́. Ẹ sì má rò pé mo ju yẹtí náà sínú ọ̀sà. Mo wọ̀ ọ́ títí, mo wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi. Nígbà tí ọmọ ọmọ mi obìnrin gboyè ní yunifásítì ní Cocody, òun ni mo fún.

Ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ àti òkúta ló kọ́. Wọ́n ti gbà á síṣẹ́ báyìí lọ́dọ̀ àwọn tó ń wá wúrà àti bàbà ní ìhà àríwá. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó wá dágbére fún mi, ó tú yẹtí náà, ó kó o sí mi lọ́wọ́. “Màmá, ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀. On ne porte pas d'or là-bas. Ẹni tó ń fọwọ́ kan yẹ̀pẹ̀, wọn ò gbà kó wọ wúrà rárá, même òrùka ìgbéyàwó pàápàá.” Ó jókòó, ó ṣàlàyé fún mi. Ọ̀rá ni àpò wọn báyìí, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń lò ó. Wọ́n tún máa ń di iyanrìn lásán, èyí tí wọ́n mọ̀ pé kò ní wúrà, wọ́n á fi í sáàárín àwọn tó kù. Bí wúrà bá yọ nínú ìyẹn, wọ́n á mọ̀ pé ibòmíràn ló ti wá. Àpò àti irinṣẹ́ ni wọ́n á kọ́kọ́ yẹ̀ wò, wọn kò ní kọ́kọ́ mú ènìyàn.

Ó bi mí bóyá ó yé mi. Mo ní oorun ló ń kùn mí. Ayé ti yí padà lóòótọ́, ó sì dára bó ṣe yí. Iyanrìn ẹ̀kúnwọ́ kan báyìí ì bá ti gba ọwọ́ méjèèjì ọkùnrin yẹn là, òótọ́ gbólóhùn kan láti ẹnu mi náà ì bá sì ti gbà á là nígbà náà.

Ẹ máa ń kí mi pé orí mi dára, ẹ máa ń béèrè irú àdúrà tí mo gbà. Ọkọ mi tọ́jú mi dójú ikú rẹ̀. Mo bímọ, wọ́n yè. Ilé tèmi ni mo jókòó sí yìí, gbogbo ẹgbẹ́ mi ló sì ti lọ tán tó ku èmi. Kì í ṣe èmi ni mo gba àdúrà yẹn. Ẹni tí mo ń fi oúnjẹ sí lẹ́nu ló gbà á fún mi, kò sí ọ̀kan tí Ọlọ́run kò gbọ́ nínú wọn. Ẹyọ kan péré ló bẹ̀bẹ̀ fún ara rẹ̀, ìdáhùn rẹ̀ wà lẹ́nu mi, mo sì gbé e mì.