Ará Jàpáàn Wo Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Mi, Èmi Nìkan Ló Rí

Ọdún kejì sí ìgbà tí gbogbo wa ń fi aṣọ dí imú bí ẹni tó ń gba ẹ̀gbẹ́ ààtàn kọjá, ọdún yẹn ni àwọn oníkọ̀ǹpútà gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi. Ẹ má bi mí pé ọdún wo ló jẹ́. Ọmọ ọmọ mi obìnrin tó ń bá mi kọ ọ́ sílẹ̀ yìí mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n mo ní kó má kọ ọ́, torí ẹni tó bá ti mọ ọdún á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò ọjọ́ orí mi.

Òun náà ló kó wọn wá. Wọn ò ju mẹ́rin lọ. Olórí wọn ni onírùngbọ̀n kan tó ń tún fóònù ṣe lọ́jà. Tíṣà kan ń gun ọ̀kadà wá láti Ilé-Ogbó, obìnrin télọ̀ kan ń wá láti Kúta, ọmọ ọmọ mi wá ṣe ìkẹrin. Kì í ṣe iṣẹ́ ni wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà ṣe o. Bí àwọn kan ṣe fẹ́ràn ayò ni àwọn yìí fẹ́ràn kọ̀ǹpútà àtijọ́. Wọn á tú u palẹ̀, wọn á nù ún, wọn á tò ó padà, tó bá wá tanná, wọn á pàtẹ́wọ́ bí ẹni pé aboyún sọ̀ láyọ̀.

Onírùngbọ̀n yìí ló rí ọ̀kan rà nínú ẹrù tòkunbọ̀. Ó wúwo bí odó. Nígbà tí wọ́n tàn án, gbogbo ohun tó kọ sójú dà bí ibi tí adìẹ ti ta ilẹ̀. Wọ́n ní èdè Jàpáàn ni. Tíṣà ní kí wọ́n pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, kí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì sí i. Onírùngbọ̀n kọ̀ jálẹ̀, ó ní ẹni tó gbàlejò kì í gé ahọ́n àlejò. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ èdè Jàpáàn nìyẹn, ní Ìwó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ èmi àti ẹ̀gúsí tí mò ń bó.

Wọ́n ṣòfin. Tí oòrùn bá ti rọlẹ̀, fún wákàtí kan, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ Yorùbá, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá ṣì í sọ á lọ fa omi ní kànga wá sínú ìkòkò mi. Wọn ò bi mí kí wọ́n tó ṣòfin yìí, ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbọ́ ọ, mo rí i pé òfin gidi ni. Orúnkún ti ń dùn mí ọjọ́ ti pẹ́.

Màá jókòó jẹ́ẹ́. Tí wọ́n bá ti wọnú ẹ̀ dáadáa, màá ní, "Tíṣà, ejò wà lẹ́yìn ẹ!"

"Yéè! Ibo ló wà?"

"Omi," ni màá wí.

Ọjọ́ mìíràn, màá ní kí télọ̀ bá mi wo bùbá ọrùn mi.

"Ha! Ta ló rán ìrànkuràn yìí fún Màmá?"

"Omi."

Tíṣà bínú lọ́jọ́ kan, ó ní, "Màmá, ẹ̀ ń tàn wá ni."

Mo ní, "Mò ń dán yín wò ni. Ṣé ìwọ kì í fún àwọn ọmọ ilé-ìwé rẹ ní ìdánwò ni?"

Ohun tí wọn ò mọ̀ ni pé ọwọ́ mi ló wà nínú ẹ̀gúsí, etí mi wà lọ́dọ̀ wọn. Mi ò lọ sílé-ìwé. Ilé kéú díẹ̀ ni mo lọ, àwọn ọkùnrin ló mú wàláà lọ́wọ́, àwa obìnrin jókòó lẹ́yìn, à ń fetí gbà á. Bí mo ṣe fetí gba kéú náà ni mo fetí gba ti Jàpáàn. Àwọn ń kọ, wọ́n ń pa á rẹ́, wọ́n ń jà lórí ìlà kan tó wọ́. Tèmi, ohun tó bá ti wọlé kì í jáde mọ́. Mo ti ń ka ata ní "íṣì, ní, sán" lójú aláta, ení, èjì, ẹ̀ta ti Jàpáàn nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó fura.

Omi yẹn pọ̀ débi pé mo ní kí obìnrin ilé kejì máa wá bù lára ẹ̀. Omi mi ló ń mu tó fi pe àkọ́bí mi ní Ìbàdàn, pé àwọn gbájúẹ̀ orí kọ̀ǹpútà ti gba ilé ìyá rẹ̀.

Ọmọ mi dé lọ́jọ́ Jímọ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi, kò tíì dìde tán tó fi bẹ̀rẹ̀.

"Màámi, ta làwọn tó ń pe ọfọ̀ sí kọ̀ǹpútà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín?"

"Ọfọ̀ kọ́, èdè Jàpáàn ni."

"Èdè Jàpáàn, ní Ìwó! Ta ni wọ́n fẹ́ bá sọ ọ́? Ẹni tí wọ́n fẹ́ lù ní jìbìtì nìyẹn."

Ó ní bí wọn ò bá kó ẹrù wọn jáde, òun á kó èmi lọ sí Ìbàdàn. Mo mọ Ìbàdàn rẹ̀ yẹn. Mo ti gbé oṣù méjì níbẹ̀ rí. Yàrá kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, gbogbo ilé á ti lọ síbi iṣẹ́, èmi àti tẹlifíṣọ̀n á máa wo ojú ara wa títí ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀rù bà mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ kó rí i.

Mo ní, "Ọkọ mi, lọ́la ni wọ́n fẹ́ bá bàbá àgbà kan ní Jàpáàn sọ̀rọ̀ lójú kọ̀ǹpútà, ẹni tó fẹ́ràn irú ẹ̀rọ yẹn bíi tiwọn. Dúró kí o wò ó. Tó bá jẹ́ irọ́, màá di ẹrù mi."

"Ẹ ti sọ ọ́ o, Màámi."

"Mo sọ ọ́."

Ní aago mọ́kànlá àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n gbé kọ̀ǹpútà kékeré ọmọ ọmọ mi sórí tábìlì, torí àgbà ẹ̀rọ yẹn kò ní ojú tó fi ń wo èèyàn. Ọmọ mi jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó káwọ́ gbera bí ọlọ́pàá. Wọ́n rọra ní kí n wọlé. Mo ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ta ni? Mo jókòó lórí àpótí mi lẹ́yìn wọn, èmi àti àtẹ ẹ̀gúsí.

Bàbá náà yọ. Irun funfun, awò lójú, ẹ̀rín lẹ́nu. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n ti fi ń kọ́ bí wọ́n á ṣe kí i, ṣùgbọ́n ta ló ń rí àgbà tí á tún dúró ronú? Kíá, onírùngbọ̀n àti tíṣà ti nà gbalaja sílẹ̀, àwọn obìnrin méjèèjì ti kúnlẹ̀, wọ́n doríkodò. Kò sẹ́ni tó rò ó pé ojú kọ̀ǹpútà kì í wo ilẹ̀.

Bàbá wo ọ̀tún, ó wo òsì. Kò rí nǹkan kan bí kò ṣe ìyá arúgbó kan tó ń bó ẹ̀gúsí. Àwọn tó wà nílẹ̀ ò sì dìde, torí àgbà tí wọ́n kí kò tíì dá wọn lóhùn. Òun ń wá wọn, àwọn ń dúró dè é. Tíṣà ń sọ èdè Jàpáàn sínú sìmẹ́ńtì.

Ọmọ mi rẹ́rìn-ín. "Màámi, ẹ lọ di ẹrù yín."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló tú ahọ́n mi. Mo gbé orí sókè, mo ní, "Oháyò gosáímásù!" Ẹ káàárọ̀ nìyẹn.

Bàbá ta gìrì lórí àga. "Kónbáńwà," ó ní. Ìyẹn ni ẹ káalẹ́.

Alẹ́ kẹ̀? Mo ní oháyò. Ó ní kónbáńwà. Mo na ìka sí oòrùn níta. Òun náà bá gbé ẹ̀rọ tirẹ̀ yí sí fèrèsé, mo rí i pé ilẹ̀ ti ṣú lọ́dọ̀ wọn. Ha! Àwa méjèèjì ló jàre.

Mo bu ẹ̀gúsí tí mo ti bó, mo nà án sí ojú kọ̀ǹpútà, mo ní "Dóòsò!" bí wọ́n ṣe máa ń sọ tí wọ́n bá ń fún èèyàn ní nǹkan. Bàbá na ọwọ́ méjèèjì, ó ṣe bí ẹni tó gbà á, ó jù ú sẹ́nu, ó ń jẹ ẹnu lásán. Ó wá dìde, ó tẹríba fún mi títí ó fi ku irun funfun nìkan lójú kọ̀ǹpútà.

Èmi ni mo tọ́ ọmọ mi. Bàbá arúgbó tẹríba fún ìyá rẹ̀ lójú rẹ̀, kí ló tún fẹ́ ṣe? Ó dìde lẹ́nu ọ̀nà, ó ká aṣọ sókè, òun náà nà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tíṣà tó wá lé jáde. Ikùn kò jẹ́ kí àyà rẹ̀ kan ilẹ̀.

Onírùngbọ̀n sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ nílẹ̀, "Màmá, kí ló ń ṣẹlẹ̀?"

"Ẹ dìde," mo ní. "Kò rí yín."

Wọ́n ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan bí olú, bàbá ń kígbe ẹ̀rín bí orí kọ̀ọ̀kan ṣe ń jáde, ó ń kà wọ́n. Orí ọmọ mi ló ṣe ìkarùn-ún. Wọ́n sọ̀rọ̀ títí wákàtí kan fi kọjá, bàbá sì ní òun á máa wá kọ́ wọn ní gbogbo Sátidé. Ọmọ mi padà sí Ìbàdàn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Òun nìkan ló lọ.

Láti ọjọ́ náà, tí ọ̀rọ̀ Jàpáàn kan bá ti sọnù mọ́ àwọn oníkọ̀ǹpútà lórí, èmi ni wọ́n ń bi. Nígbà tí Iléyá dé, àwọn ọmọ mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé sílé. Àbíkẹ́yìn mi tún gbé ọ̀rọ̀ Ìbàdàn dìde, ó ní ẹ̀rù ń ba òun kí àwọn tí kì í ṣe ọmọ ilé má lọ tàn mí jẹ. Ẹran ni àkọ́bí mi gbájú mọ́ ní tirẹ̀.

Mo sọ fún wọn pé, "Ẹ̀ ń pè mí, ẹ ṣeun. Ẹ̀ ń bi mí bóyá mo ti jẹun, ẹ̀ ń bi mí bóyá mo ti lo oògùn, ó tán. Àwọn tí ẹ̀ ń bẹ̀rù yìí ń bi mí ní ohun tí mo mọ̀. Ibi tí wọ́n bá ti ń bi èèyàn ní ohun tó mọ̀ ni kó máa gbé. Mi ò lọ. Ẹ máa wá kí mi nígbà tó bá wù yín, ṣùgbọ́n kí ẹ máa fura o, torí mo ti ní èdè tí mo lè fi bú yín báyìí, tí ẹ̀yin á máa rẹ́rìn-ín, tí ẹ ó sì máa ṣe àmín."