Okùn Tí Kò Níwọ̀

Ní gbogbo adágún Guntersville, ẹnìkan ṣoṣo ló ń gbé oníbàárà jáde lọ pẹja láìsí ìwọ̀ lẹ́nu okùn. Harlan Tidmore ni. Kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́ lójú rẹ̀. Ẹnìkan dán an wò ní ṣọ́ọ̀bù Dewey, níbi tí wọ́n ti ń ta ìdẹ, Harlan sì da kọfí sí i láyà.

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ti ń fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé àlejò lọ pẹja báàsì. Ó lẹ́nu, ó láwàdà, ó sì mọ ibi tí ẹja wà bí ẹni mọ yàrá ìyá rẹ̀. Báàsì kì í ṣe ẹja ọbẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Wọ́n á mú un, wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á ya fọ́tò rẹ̀, wọ́n á sì dá a padà sómi láàyè. Ẹni tó bá jẹ́ kí báàsì ńlá kú mọ́ òun lọ́wọ́, àwọn ará èbúté kì í lù ú, wọn kì í bú u, wọ́n kàn ń kí i bí ẹni tí kò fẹ́ kí i ni. Harlan fúnra rẹ̀ ti wo àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ rí, ó sì ti ṣe ṣíọ̀.

Nínú oṣù kẹfà, ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, Màmá Verlene Oakes wá bá a. Ilé ìdáná iléèwé ni màmá yìí ti ṣiṣẹ́ títí tó fi fẹ̀yìn tì. Òun ló ń bu oúnjẹ fún Harlan nígbà tó wà ní kíláàsì kẹta, tó sì máa ń fi búrẹ́dì kan lé e fún un, torí pé ó rù. Ọkọ rẹ̀, Bàbá Clovis, ló ní kí màmá lọ pẹja láti fi ṣe ọjọ́ ìbí ara rẹ̀. Bàbá ò lè wọ ọkọ̀ mọ́, orí àga onítáyà ló wà. Ó jókòó sábẹ́ agbòòrùn ní èbúté, ó ní òun á máa retí wọn.

Nǹkan bí aago mẹ́wàá, nínú koríko omi ẹ̀gbẹ́ afárá, okùn màmá le tantan. Ìgbà tí Harlan fi àwọ̀n gbé ẹja náà sókè, ó lé díẹ̀ ní pọ́ùn mẹ́wàá. Màmá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó.

"Harlan, dá a padà," ló wí. "Wò ó bó ṣe ń mí. Mo ti rí i, ó tó."

"Ṣé Bàbá ò wá ní rí i ni, Mà? Ẹ jẹ́ ká gbé e dé èbúté. Wọ́n á rí i, a ó ya fọ́tò, a ó sì dá a padà níbẹ̀."

Kì í ṣe tìtorí Bàbá. Ó ti pẹ́ tí ẹja pọ́ùn mẹ́wàá ti wọ ọkọ̀ rẹ̀ kẹ́yìn, ó sì fẹ́ fọ́tò tí yóò lẹ̀ mọ́ ògiri Dewey, kí gbogbo ayé rí i. Ó gbé ẹja sínú àpótí omi tó wà lẹ́yìn ọkọ̀, èyí tí pọ́ǹpù máa ń fẹ́ atẹ́gùn sí kí ẹja má baà kú. Bátìrì ọkọ̀ ò lágbára tó. Ó pa pọ́ǹpù kí ẹ́ńjìnnì lè gbà. Ẹ́ńjìnnì gbà. Ó yẹ kó tan pọ́ǹpù padà, àmọ́ fóònù ló gbé.

"Dewey, ìwọ tó o ní ojú mi ti ń fọ́. Pọ́ùn mẹ́wàá ló ń bẹ lẹ́yìn mi yìí. Ṣáà lọ wá ìṣó tí wàá fi kan fọ́tò ẹ̀."

Bó ṣe ń fọ́nnu lọ nìyẹn. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ogójì ìṣẹ́jú ni wọ́n fi rìn nínú oòrùn kí wọ́n tó dé.

Nígbà tó ṣí àpótí, ó wo inú rẹ̀. Ẹja náà ti fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó wo ibi tí wọ́n ti ń tan pọ́ǹpù, ó sì rí i pé òun ò tàn án. Wọ́n gbé ẹja sí ẹsẹ̀ Bàbá Clovis, Bàbá fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín bí ọmọdé, wọ́n ya fọ́tò. Harlan wá kúnlẹ̀ létí omi, ó ń ti ẹja síwájú, ó ń fà á sẹ́yìn, kí omi lè gba ibi tó fi ń mí kọjá. Ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó rì sábẹ́ pákó èbúté.

"Ṣé ó ti lọ?" Màmá bi í.

"Ó ti lọ, Mà. Ó ti padà sílé ẹ̀."

Bàbá Clovis wo omi, ó sì wo Harlan. Kò pẹ́ tí wọ́n lọ tán ni ẹja léfòó láàárín àwọn òpó, ikùn rẹ̀ lókè. Harlan fi tówẹ̀lì wé e, ó gbé e lọ sẹ́yìn ilé rẹ̀, ó sin ín bí olè.

Oṣù Kejìlá ọdún náà ni Bàbá kú. Fọ́tò ẹja yẹn ni wọ́n lẹ̀ síwájú ìwé ìsìnkú. Harlan jókòó sí ìlà tó kẹ́yìn ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó da ojú ìwé náà dé orí itan. Nígbà tí oṣù kẹfà tún pé, màmá pè é.

"Mi ò fẹ́ mú ẹja yẹn o. Mo kàn fẹ́ lọ kí i ni. Gé ìwọ̀ yẹn kúrò, kó má baà tún dùn ún."

Báyìí ló ṣe di àṣà. Màmá á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá, á máa ju okùn tí kò níwọ̀, á máa sọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀. Harlan tó lẹ́nu á di odi. Ẹ̀bi ń jẹ ẹ́ débi pé kì í lè gbé oúnjẹ mì lọ́jọ́ náà.

Lọ́dún yìí, ìgbà kẹta, màmá gbé ẹ̀pà bíbọ̀ wá, ó ń bó o fún un.

"Jẹun, ìwọ yìí. O tún ti ń rù," ló wí. "Ọmọ mi ń bọ̀ wá mú mi lọ gbé ní Ohio lóṣù tó ń bọ̀. Ìwọ ni wàá máa bá mi kí i lọ́dọọdún. Ṣèlérí fún mi."

Harlan la ẹnu láti sọ pé òun ti gbọ́. Òótọ́ ló bọ́ síta.

"Mà, ó kú. Ọjọ́ yẹn gan-an ló kú. Mo pa pọ́ǹpù, mo gbàgbé, torí pé mò ń fọ́nnu fún Dewey. Ẹ ní kí n dá a padà, mi ò gbọ́. Ẹ̀yìn ilé mi ni mo sin ín sí."

Màmá ká okùn rẹ̀ wálé díẹ̀díẹ̀. Ó gbé ọ̀pá náà lé itan.

"Clovis sọ ọ́," ló wí. "Nínú mọ́tò, ká tó délé. Ó ní, 'Verlene, ẹja yẹn ti kú. Ọmọ yẹn purọ́ fún ẹ.' Mo gbaná jẹ. Mo ní látìgbà tó ti wà lórí àga ni kì í ti í rí ire nínú ohunkóhun. Mo ní mo ti bọ́ Harlan láti kékeré, kò lè wojú mi kó purọ́. Ó ní ó dáa. Kò tún sọ ọ́ mọ́. Nígbà tó yá, òun náà ń bá mi sọ̀rọ̀ ẹja yẹn bíi pé ó wà láàyè." Ó nu ẹnu. "Oṣù mẹ́fà péré ló lò lẹ́yìn ìyẹn. Mi ò bẹ̀ ẹ́."

Láti ọdún mẹ́ta, Harlan rò pé ẹja kan ṣoṣo lòun pa; kò mọ̀ pé irọ́ òun dá ìjà sílẹ̀ láàárín tọkọtaya náà. Ojú tì í débi pé ó fẹ́ bọ́ sómi.

"Mà, ẹ dárí jì mí."

"Kì í ṣe èmi lo máa bẹ̀. Yí ọkọ̀ padà."

Ó wà á dé èbúté, wọ́n wọ mọ́tò lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, síbi tí wọ́n sin Bàbá sí. Ó ṣí fìlà, ó dúró níwájú òkúta ibojì náà, màmá sì fi ọ̀pá ìtìlẹ̀ rìn dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Bàbá Clovis, Harlan ni. Ẹja yẹn kú. Òótọ́ lẹ sọ, èmi ni mo purọ́. Ẹ má bínú."

Atẹ́gùn fẹ́ díẹ̀. Màmá mi orí.

"Ó ku tèmi," ló wí. "Lọ jókòó sínú mọ́tò."

Harlan lọ. Láti inú mọ́tò, ó rí i tó gbé ọwọ́ lé òkúta, tí ètè rẹ̀ ń mì. Ó pẹ́ níbẹ̀ gan-an.