Ọdún Tí Mò Ń Fọ Asẹ́ Omi ní Bódìjà

Òórùn omi tó ti pẹ́ lójú kan ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí, lẹ́yìn náà òórùn òrí tí mo fi ń wọ́ ìyá ọkọ mi lẹ́sẹ̀. Lọ́dún yẹn, inú ilé ńlá kan ní Bódìjà là ń gbé, ilé tí kì í ṣe tiwa. Onílé wà lókè òkun, ó ní ká máa bá òun gbé e kó má baà di ahoro. Adágún ìlúwẹ̀ẹ́ kan wà lẹ́yìn ilé náà, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀pọ̀lọ́ ló ń jẹ gàba níbẹ̀. Èmi tí mo dàgbà sílé tí a ti ń fi agolo bu omi wẹ̀, kí ni mo fẹ́ fi adágún ṣe?

Àfìgbà tí rọpárọsẹ̀ kọ lu ìyá ọkọ mi nílé wọn ní Òkè-Ògùn, tí ọkọ mi sì gbé wọn wá sọ́dọ̀ wa. Ọwọ́ ọ̀tún wọn ń bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún ló kọ̀ tí kò gbọ́. Obìnrin dókítà tó ń wá tọ́jú ẹsẹ̀ náà wo ẹ̀yìnkùlé wa, ó ní inú omi ni kí màmá ti máa kọ́ ìrìn, torí omi á bá wọn gbé ara wọn. Ó ní ká má fi falẹ̀ o, pé oṣù díẹ̀ tó bá tẹ̀lé irú àìsàn yìí ni ẹsẹ̀ máa ń gbọ́ràn jù, àti pé bí ọyẹ́ bá fi dé, omi á ti tutù jù fún àgbàlagbà. Ó wá ṣòfin kan: ‘Bí mi ò bá rí ìsàlẹ̀ omi yìí kedere, màmá ò gbọdọ̀ tẹsẹ̀ bọ̀ ọ́.’

Ìyá ò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n ní, ‘Ìyàwó mi, gbígbé ni wọ́n gbé mi jáde nílé mi. Wọn ò ní gbé mi wọ ibẹ̀ bí àpò ẹ̀gẹ́. Bí mi ò bá lè fẹsẹ̀ ara mi wọlé, mi ò padà síbẹ̀ mọ́.’ Mo mọ̀ pé wọn kì í ṣeré. Kò sí ọjọ́ tí wọn kì í dárúkọ ilé náà.

A pe oníṣẹ́ ẹ̀rọ kan láti Mọ́kọ́lá. Ó pààrọ̀ iyanrìn inú asẹ́, ìyẹn àgbá tí ẹ̀rọ ń ti omi gbà kọjá kí ìdọ̀tí lè kù sínú iyanrìn. Ó fi aago kékeré kan hàn mí lórí àgbá náà, ó ní bí ìdọ̀tí bá ṣe ń pọ̀ nínú asẹ́ ni ọwọ́ aago á máa gòkè. Mo fi ọ̀dà èékánná mi sàmì pupa síbi tó wà nígbà tí iyanrìn ṣì mọ́. ‘Ìgbà tó bá gòkè kọjá àmì yìí dáadáa ni kẹ́ ẹ tó fọ̀ ọ́ o, mọ̀mí. Kó tó dìgbà yẹn, ẹ má tọ́ ọ.’ Mo ní mo ti gbọ́. Nínú ọkàn mi, mo ní ọ̀rọ̀ ọ̀lẹ nìyẹn. Ta ní í dúró kí abọ́ rùn kó tó fọ̀ ọ́?

Ẹni tó bá ti gbé Ìbàdàn mọ bí a ṣe ń ṣe bí iná bá dé. Ẹni tó fẹ́ lọ aṣọ, ẹni tó fẹ́ lọ ata, ẹni tó fẹ́ fa omi sí táǹkì, gbogbo wa là ń dìde gìrì, torí kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tó máa lọ. Asẹ́ ni tèmi. Màá yí i síbi tí omi á ti máa fọ iyanrìn náà, tí á sì máa tú ìdọ̀tí dà sí gọ́tà, màá dúró títí á fi mọ́ lójú mi. Lẹ́yìn náà màá fa omi kànga ẹ̀rọ dípò èyí tó ti ṣòfò, omi kànga wa sì máa ń ní ìpẹtà díẹ̀. Kí n tó parí, iná ti lọ, omi adágún ò tíì ráyè gba inú asẹ́ kọjá. Iyanrìn tí ìdọ̀tí díẹ̀ ti dì mọ́ ló sì ń mú eruku wẹ́wẹ́. Èmi ò jẹ́ kó dì rí. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, omi ń funfun bí omidùn ọ̀gì, dókítà á dé, á mi orí, á lọ. Àṣejù, baba àṣetẹ́, ṣùgbọ́n èmi rò pé mi ò tíì ṣe tó ni.

Ó rẹ̀ mí. Bí ilẹ̀ bá mọ́, màá lọ sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Agbowó, níbi tí mo ti ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ẹ̀dà ìwé. Bí mo bá dé, màá wọ́ ẹsẹ̀ ìyá, màá se oúnjẹ, màá wá dojú kọ asẹ́. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá, orí fóònù ló ti ń bá mi kẹ́dùn. Mo bínú sí omi, mo bínú sí ọkọ mi, nígbà mìíràn mo tilẹ̀ ń bínú sí ìyá tó jókòó sí fàráǹdà, tí wọ́n ń wò mí.

Ibà ló dá mi dùbúlẹ̀ nígbẹ̀yìn. Orí ibùsùn ni mo wà tí mo gbọ́ tí ẹ̀rọ omi ń dún. Mo pariwo pé ta ló tàn án láìfọ asẹ́. Ìyá dáhùn láti fàráǹdà, ‘Èmi ni. Ọ̀pá mi ni mo fi tẹ̀ ẹ́. Sùn, jàre.’ Iná ṣàánú wa lọ́sẹ̀ yẹn, ó ń pẹ́ kó tó lọ, bó bá sì ti dé ni ìyá á tún na ọ̀pá sí bọ́tìnì ẹ̀rọ náà lára ògiri, wọ́n á tẹ̀ ẹ́. Wọn ò mọ nǹkan kan nípa asẹ́. Wọ́n kàn rí i pé ó ti rẹ ìyàwó wọn ni, wọn ò sì fẹ́ kí n dìde.

Ọjọ́ tí ara mi le tí mo jáde, mo rí ibi tí táìlì ti sán nísàlẹ̀ adágún kedere. Mi ò mọ̀ rí pé ó sán. Mo wo aago: ọwọ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kúrò lójú àmì pupa díẹ̀ ni. Gbogbo ìgbà tí mo fi ń fọ asẹ́, kò kúrò níbẹ̀ rí. Mo rẹ́rìn-ín, omijé sì ń bọ́ lójú mi. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Wọn ò sọ bó ṣe máa ń dun ẹni tó ti kọ́kọ́ fagbára mú un.

Ìyá wọ ṣòkòtò ọmọ wọn, wọ́n we gèlè pinpin, wọ́n ní, ‘Bísímílà,’ omi sì mù wọ́n dé àyà. Èmi náà wọ inú omi, mo dì wọ́n mú. Bí ọwọ́ aago bá gòkè dáadáa, tí omi tó ń tú padà sínú adágún ò sì lágbára mọ́, màá fọ asẹ́; bí bẹ́ẹ̀ kọ́, màá fi í sílẹ̀. Ọyẹ́ dé kí ẹsẹ̀ náà tó bọ̀ sípò tán. Dókítà ò dá mi lẹ́bi, ṣùgbọ́n mo mọ àkókò tó ti bá iyanrìn lọ.

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bẹ̀rẹ̀, a fi ọkọ̀ gbé ìyá lọ sílé wọn. Àwọn obìnrin ilé sáré jáde pẹ̀lú ariwo ayọ̀, wọ́n na ọwọ́ láti gbé wọn. ‘Ẹ má fọwọ́ kàn mí,’ ìyá wí. Wọ́n ń wọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún nílẹ̀, gbogbo ilé sì yà sẹ́yìn fún wọn. Lẹ́nu ọ̀nà, ẹsẹ̀ náà kọ́ nǹkan, mo sì sáré sí wọn. Wọ́n yíjú sí mi. ‘Ó tó, ìyàwó mi. O ṣeun.’ Wọ́n di férémù ilẹ̀kùn mú, wọ́n gbé ẹsẹ̀ náà, wọ́n wọlé.

Ibẹ̀ ni wọ́n gbé títí ọlọ́jọ́ fi dé. Àwa náà ti kó kúrò nílé Bódìjà yẹn. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé mo tọ́jú ìyá ọkọ mi, èmi kì í sì í bá wọn jiyàn. Ohun tí èmi ń rí ni ara mi lójú ọ̀nà ilé yẹn, nígbà tí gbogbo èèyàn ti tẹ̀ lé ìyá wọlé, tí ọwọ́ mi méjèèjì ṣófo, tí kò sẹ́ni tó ń retí nǹkan kan lọ́wọ́ mi mọ́. Ìgbà yẹn ni àárẹ̀ gbogbo ọdún náà tó wá bá mi. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, oorun sì gbé mi lọ níbẹ̀, lójú ọ̀sán gangan, lójú gbogbo ayé. Mi ò tíì sun irú rẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà.