Lọ́yà Tí A Fi Ìdọ̀bálẹ̀ Lé Lọ

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Òkè-Ogbó, ẹ̀yin ọmọ mi, a ní lọ́yà kan ládùúgbò tó mọ bọ́ọ̀lù gbá bí ẹni máa kú. Tó bá ti kóòtù dé, á bọ́ aṣọ dúdú yẹn, á ki ṣòkòtò péńpé bọ ẹsẹ̀, ó di orí pápá. Kò lé àwa ọmọbìnrin. Èmi tí ẹ ń wò yìí, èmi ni aṣọ́lé rẹ̀!

Ìdílé olówó kan fẹ́ gba pápá náà kọ́lé. Lọ́yà wa bá wọn rojọ́, ó jàre wọn. Ni wọ́n bá pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn.

Ẹ wá wo àwọn àgbà wa o! Dípò kí wọ́n jẹ́ kó parí ẹjọ́, wọ́n ní ẹni tó lẹ́nu báyìí, ilé aṣòfin ló yẹ ẹ́. Ó ní òun ò ṣe òṣèlú. Wọ́n bá jí lọ bá a láàárọ̀ kùtù, àwọn baba arúgbó, wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ọmọ tí wọ́n sọ lórúkọ. Ọmọ tí a kọ́ wo ló máa rí ìyẹn tó máa ní rárá? Òun náà ti na gbalaja sílẹ̀, ó ń ké pé, "Ẹ dìde, ẹ̀yin bàbá mi, ẹ má ṣẹ́ mi lépè!" Wọ́n ní àfi tó bá gbà. Ó gbà. Ìyá rẹ̀ káwọ́ lérí.

Ó wọlé, a jó. Ìbàdàn ló wá kù tí a ti ń gbúròó rẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ ẹjọ́ pé, lọ́yà tó rán wá kò mọ ibi tí ààlà pápá wà. Ìdílé olówó yẹn gba pápá mọ́ wa lọ́wọ́, wọ́n mọ ògiri yí i ká. Bàbá tó kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ ló tún kọ́kọ́ sọ pé, "Ó ti gbàgbé wa." Ẹ gbọ́ mi ná, ta ló lé e lọ? Inú ń bí mi títí dòní!

Kò pẹ́ tí sójà fi gbàjọba, wọ́n tú ilé aṣòfin ká, ó padà wálé. Mo bá a níbi ògiri yẹn, ó fọwọ́ tì í. Ó ní, "Aṣọ́lé, ibo lẹ wá ń gbá a báyìí?"

Ayé ti yí padà, ilé epo ló wà níbẹ̀ báyìí, orí fóònù lẹ̀yin ti ń gbá bọ́ọ̀lù tiyín. Àṣà wa nìkan ni kò yí. Lánàá ni ọmọ-ọmọ mi ní tíṣà ìṣirò àwọn mọ̀ ọ́n kọ́ débi pé àwọn òbí fẹ́ lọ bẹ̀ ẹ́ kó du ipò alága káńsù.

Mo ní, "Ṣé ẹ ti wá mọ ìṣirò ọ̀hún tán ni?"