Ìpín Ẹni Tó Fa Okùn

Mọ̀dínátù kì í ṣe èèyàn burúkú. Mo ní kí n tètè sọ ìyẹn, torí ohun tí mo fẹ́ sọ tẹ̀ lé e lè má jẹ́ kí ẹ gbà mí gbọ́. Ẹja ló ń yan tà ní Ìwòrò. Ó máa ń kírun lásìkò, ó máa ń fún aláìní ní ẹja lọ́fẹ̀ẹ́, bó bá sì bá yín jà láàárọ̀, á ti gbàgbé kó tó dọ̀sán. Ṣùgbọ́n lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, bó bá rí èrò níwájú, á yà gba ẹ̀yìn ilé. Ojú ń tì í. Ó sì yẹ kó tì í.

Ẹni tí kò bá mọ bí a ṣe ń fa àwọ̀n ńlá létí òkun wa kò ní lóye ọ̀rọ̀ náà, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Ọkọ̀ á gbé àwọ̀n wọ inú òkun, á tẹ́ ẹ yípo, á sì fi okùn méjì sílẹ̀ létí omi, ọ̀kan lápá ìlà-oòrùn, ọ̀kan lápá ìwọ̀-oòrùn. Okùn méjèèjì jìnnà síra débi pé àwọn tó ń fa ọ̀kan kò lè dá ojú àwọn tó ń fa ìkejì mọ̀. Ìgbà tí àwọ̀n bá fẹ́ gúnlẹ̀ ni wọ́n ń pàdé. Ẹnikẹ́ni tó bá sì bá wa fà á, ìbáà ṣe àlejò tó ń kọjá lọ, ó ní ìpín. Á bẹ̀rẹ̀, á bu ẹja tirẹ̀ nínú òkìtì kí wọ́n tó máa tà á. Kò ní tọrọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí a ṣe bá a nìyẹn.

Lọ́sẹ̀ tí mò ń wí yìí, wọ́n ti jí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi gbé, inú kálukú ń ru. Ìdí okùn ìlà-oòrùn ni Mọ̀dínátù wà. Nígbà tí wọ́n tú àwọ̀n, ó rí ọkùnrin kan tí kò mọ̀ rí, tó bẹ̀rẹ̀ tó ń kó ṣawa sínú láílọ́ọ̀nù, tó tún ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló bí i nínú.

"Olè rè é o! Ẹ mú un!"

Ohun tó sọ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Àwọn géńdé fa àjẹ̀ yọ nínú ọkọ̀, wọ́n sì dà bò ó. Kí àwọn ará okùn ìwọ̀-oòrùn tó sáré dé, tí wọ́n ń ké pé àwọn pẹ̀lú ọkùnrin náà làwọn jọ fa okùn láti àárọ̀, ẹ̀pa ò bóró mọ́, ó ti kú. Dèjì lorúkọ rẹ̀. Bíríkìlà ni, Mòrógbò ló ti wá wo ibi tí wọ́n fẹ́ gbéṣẹ́ fún un. Torí ṣawa. Èmi ò tíì rí irú ìwà wèrè bẹ́ẹ̀ láyé mi.

Ọlọ́pàá kó àwọn tó fi àjẹ̀ lù ú. Nígbà tí wọ́n bi àwọn tó kù pé ta ló kọ́kọ́ pariwo, kálukú ní obìnrin kan ni, òun ò rí ojú rẹ̀. Irọ́ gbuu. Gbogbo etí òkun ló mọ̀ ọ́n. Wọ́n bo àṣírí Mọ̀dínátù, ì bá sì sàn fún un ká ní wọn ò bò ó. Ó ń kírun, àmọ́ tó bá kan kó tẹ́wọ́ tọrọ ohun kan lọ́dọ̀ Ọlọ́run, ńṣe ló ń kó ọwọ́ padà sórí itan. Kí ló fẹ́ wí?

Ni Sùnmọ́nù, olórí àwọ̀n, bá ní àwọn ò ní sọ àwọ̀n sómi mọ́ láìkọ́kọ́ gbàdúrà. Ó pe lemọ́mù, ó pe àlùfáà Mẹ́tọ́díìsì, ó sì ránṣẹ́ sí ìyá Dèjì ní Mòrógbò. Mọ̀dínátù ń bẹ̀bẹ̀ nínú ọkàn rẹ̀ pé kí obìnrin náà má wá. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Tí ìyá yìí bá dé, bóyá kó jẹ́wọ́ níwájú rẹ̀, bóyá kó gbé e mì títí dọjọ́ ikú.

Ìyá náà wá. Gbémisọ́lá lorúkọ rẹ̀, opó ni, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì. Kò sunkún, kò ṣépè. Lemọ́mù gbàdúrà, àlùfáà gbàdúrà, àmín kan náà ni gbogbo wọn ṣe.

"Ibo lọmọ mi dúró sí?" ni ìyá bi Sùnmọ́nù.

Wọ́n fi ìdí okùn ìwọ̀-oòrùn hàn án. Nígbà tí wọ́n ti tẹ́ àwọ̀n tán, ó fi ìborùn gbàdí, ó di okùn náà mú. Mọ̀dínátù ò mọ ohun tó gbé òun kúrò ní ìlà-oòrùn. Ẹ̀yìn ìyá náà gan-an ló bá ara rẹ̀. Àwọn tó wà níwájú dá orin Ègùn, wọ́n ń fà. Okùn ń bó ìyá lọ́wọ́.

"Màmá, ẹ fi ara tì sẹ́yìn, ẹ má fọwọ́ nìkan fà á," ni Mọ̀dínátù wí.

"O ṣeun, ọmọ mi."

Ọmọ mi. Ilẹ̀ ì bá lanu kó gbé Mọ̀dínátù mì.

Àwọ̀n gúnlẹ̀, wọ́n da ẹja sórí yanrìn. Kálukú bẹ̀rẹ̀ sídìí òkìtì náà, wọ́n ń bu ẹja. Ìyá Dèjì nìkan ló dúró lọ́ọ̀ọ́kán, tó kó ọwọ́ sẹ́yìn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè mú?" ló bi wọ́n. "Ṣé ẹ rí mi pé mo bá yín fà á?"

Àwọn tó ti bu ẹja dà á padà. Mọ̀dínátù kúnlẹ̀ gbì sínú yanrìn.

"Màmá, èmi ni mo pè é lólè. Èmi ni."

"Wọ́n ti sọ fún mi ní Mòrógbò," ni ìyá wí. "Mò ń retí ìgbà tí wàá sọ ọ́ ni. Mi ò lè sọ fún ẹ pé kò dùn mí mọ́. Ó ń dùn mí." Ó rọra kúnlẹ̀ tì í. "Gbàdúrà fún un, bí ẹ̀yin Mùsùlùmí ṣe ń gbà á. Màá ṣe àmín sí i."

Mọ̀dínátù tẹ́wọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ sínú ẹnu.

"Rárá," ni ìyá wí. "O ò sọ ti ọjọ́ yẹn sínú ẹnu."

Nígbà náà ló ké e jáde, omijé ń dà lójú rẹ̀, tí gbogbo ẹni tó wà lórí yanrìn sì gbọ́: "Olúwa, Dèjì ọmọ Gbémisọ́lá kì í ṣe olè."

"Àmín," ni ìyá rẹ̀ wí.