Tábìlì Tí Kò Ní Ihò

Ní gbogbo Malu Road, kò sẹ́ni tó mọ sínúkà gbá tó Sànúsí, awakọ̀ tírélà. Láti ọmọ ogún ọdún ló ti ń fi ọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ lórí tábìlì ní Ajégúnlẹ̀, ó sì ti di ẹni ọdún méjìdínláàádọ́ta báyìí. Ibi yòówù kí bọ́ọ̀lù dúró sí, ó ti mọ ihò tó máa kó sí.

Lọ́jọ́ kan, tírélà rẹ̀ ti lo ọjọ́ mẹ́ta lórí ìlà àwọn tó fẹ́ gbé ẹrù ní èbúté Tin Can. Ó ní kí Godspower, awakọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀, bá òun mójú tó o, ó sì rìn lọ wá oúnjẹ ní Liverpool Road. Ilé oúnjẹ Màmá Uche ló yà sí, obìnrin kan tó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ó jẹun tán ló tajú kán rí tábìlì kan tó jọ ti sínúkà ní yàrá ẹ̀yìn. Ó yí i po lẹ́ẹ̀mejì.

"Màmá, ta ló dí ihò tábìlì yín?"

"Kò sẹ́ni tó dí i. Bí wọ́n ṣe kàn án nìyẹn. Ọwọ́ àwọn atukọ̀ òkun lọkọ mi ti rà á."

"Níbo wá ni bọ́ọ̀lù ń wọ̀?"

"Kì í wọ ibì kankan."

Bọ́ọ̀lù mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀: funfun, yẹ́lò àti pupa. Màmá ní funfun ni tirẹ̀. Tó bá gbá a tó sì kan méjì tó kù, ó ti jẹ ọ̀kan. Sànúsí fi gbogbo agbára gbá a. Pupa fò lọ, funfun gba ibòmíì. Ó ń wo igun tábìlì bóyá nǹkan máa já sílẹ̀.

"Ṣé mo jẹ?"

"Rárá o."

Màmá kó bọ́ọ̀lù méjì kúrò. "Gbá funfun nìkan lọ sí òdìkejì. Kó padà wá kan ẹnu ọ̀pá ẹ. Ṣe é nígbà ogún."

Ó ṣe é. Bọ́ọ̀lù ń padà sí òsì, ó ń padà sí ọ̀tún. Ó wo ọ̀pá, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Màmá tún gbé pupa síwájú rẹ̀, ó gbé yẹ́lò sí igun.

"Gbá ìdajì ẹ̀."

"Ìdajì bọ́ọ̀lù kẹ̀? Ṣé ó ṣeé gé ni?"

"Etí ẹ̀ ni kó o kọjú ọ̀pá sí."

Ó tó ìgbà kẹẹ̀ẹ́dógún kí funfun tó kan pupa, tó lu ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta lára tábìlì, tó sì lọ rọra kan yẹ́lò.

"Kí lo ṣe?" Màmá bi í.

"Màmá, mi ò mọ̀."

"Tún un ṣe."

Kò lè tún un ṣe. Ibi tó ti ń gbìyànjú ni Godspower ti pè é lórí fóònù: "Ọ̀gá, line don move o!" Ó sáré jáde kí ìlà má bàa fi tírélà rẹ̀ sílẹ̀.

Ó gbé ẹrù náà dé Kánò, ìdajì bọ́ọ̀lù lọ́kàn. Nígbà tó padà sí Malu Road, sínúkà tó mọ̀ tẹ́lẹ̀ pàápàá ti dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́. Etí bọ́ọ̀lù ló ń wò, kò rí ihò mọ́. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Lọ́jọ́ kejì, ó gba ọ̀dọ̀ Màmá Uche lọ.

"Màmá, ẹ ti bà mí jẹ́. Èyí tí mo mọ̀ ti lọ, èyí tẹ́ ẹ kọ́ mi ò sì yé mi."

Màmá jókòó. "Ọdún méje lọkọ mi fi kọ́ mi. Ó ti kú kó tó yé mi. Ọjọ́ tó yé mi, mo yíjú kí n sọ fún un, kò sẹ́nì kankan. Látìgbà yẹn, èmi nìkan ni mò ń gbá a."

Sànúsí mú ọ̀pá kan, ó na òmíràn sí Màmá. "Ẹ gba yẹ́lò, Màmá. Èmi á gbá funfun."

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, Màmá jẹ ogún, Sànúsí jẹ méjì. Ó mọ bí òun ṣe gbá ọ̀kan. Èkejì, kò yé e títí dòní.