Lẹ́yìn Àmín

Alàgbà ni bàbá mi ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Niger Street, níhà àríwá. Lórí pẹpẹ, á máa bú ramúramù pé ẹni tó bá sẹ́ Jésù nítorí ìbẹ̀rù ikú, ọ̀run àpáàdì ń dúró dè é. Akíkanjú ọkùnrin! Nílé, tí a bá ti ṣe àmín àdúrà ìrọ̀lẹ́, á ti ilẹ̀kùn, á mú pàṣán, á ní ká ka kálímà, ẹ̀rí ìgbàgbọ́ àwọn Mùsùlùmí, ká lè rí i sọ bí àwọn jàǹdùkú bá ká wa mọ́ lọ́jọ́ rògbòdìyàn ẹ̀sìn. Ẹni tó bá ṣì í kà, ẹ̀yìn rẹ̀ á bó.

Lọ́jọ́ ìkórè àwọn ọmọdé, wọ́n ní kí àbúrò mi obìnrin gbàdúrà. Ó rí bàbá wa níwájú, ẹ̀rù bà á, ó bá ka kálímà já geere.

Bàbá mi tú bẹ́líìtì. "Ta ló kọ́ ẹ?"

"Ẹ̀yin ni, Dádì."

Ó nà án títí ó fi tọ̀ sára. Ìjọ ní ẹ̀mí èṣù ló ń purọ́ mọ́ alàgbà.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, lẹ́yìn àmín, bàbá mi ti ilẹ̀kùn, ó mú pàṣán, ó ní àbúrò mi ni kó kọ́kọ́ kà.